Bọ́tìnnì Kejì

Ọkọ lọ, ọkọ̀ kù.
Oṣù mọ́kànlá ni Mẹ́sídíìsì Arvid fi dúró nínú gáráàjì
ní òpópónà kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá adágún ńlá Duluth,
dúdú, ó ń dán, bíi bàtà ẹni tí kì í tẹ ẹrẹ̀.
Yìnyín bo òrùlé, ó yọ́, ó tún bò ó.

Solveig kò wà á rí.
“Ẹsẹ̀ rẹ wúwo,” ni Arvid máa ń wí,
“ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ wúwo.”
Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jókòó lápá ọ̀tún,
àpamọ́wọ́ lórí itan,
bí àlejò tí wọn ò tíì fún lómi.

Nígbà tí àìsàn dé, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú orí òkè
ló ń yí Arvid sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń fi òwú tútù nu ètè rẹ̀.
Wọn ò bi í ní iye tó ní ní báńkì.
Ìdí nìyẹn tí Solveig fi pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé:
“Mo ní mọ́tò kan. Ẹ wá gbé e.
Ẹ lù ú ní gbàǹjo, kí ẹ fi ra bẹ́ẹ̀dì.”
Ẹni tó gbé fóònù dákẹ́ díẹ̀.
“Màmá, ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta irú ẹ̀?”
“Mo mọ iye tó ná mi.”

Tou Vang ló gbé ọkọ̀ tí í ru ọkọ̀ wá,
fìlà onírun lórí, fọ́ọ̀mù lábíyá.
Ó ní kí ìyá yẹ inú rẹ̀ wò, kó kó ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀:
mínǹtì mẹ́ta nínú ọ̀rá,
ìbọ̀wọ́ awọ ẹyọ kan, ti ọwọ́ òsì,
rìsíìtì epo láti ìlú kan tí Arvid kò dárúkọ rí.

Ó jókòó sídìí sítíárì.
Bọ́tìnnì mẹ́ta wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n tò bí eyín ọmọdé.
Ó tẹ ìkíní.
Ìjókòó kùn, ó fà sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn,
títí ó fi yọ̀ǹda àyè fún itan gígùn,
fún ikùn tó fẹ́ràn bíà,
fún odidi ọkùnrin kan tí kò sí níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ Solveig kò tó bíréèkì mọ́.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó sunkún.
Bí a bá sì ń sunkún, à máa ríran:
ó rí bọ́tìnnì kejì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìjókòó tún kùn.
Ó ń bọ̀ níwájú, ó gòkè, ó tún ń bọ̀,
títí eékún Solveig fi gbá sítíárì.
Solveig ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà.
Ẹnì kan tó kúrú ni ìjókòó yìí mọ̀,
ẹni tó ní láti na ọrùn kó tó rí ojú ọ̀nà,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá, fúyẹ́.

Ó lè jẹ́ ọmọ tó ń fọ ọkọ̀.
Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì.
Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn.
Ọkàn a máa ṣe ìṣirò tí ẹnì kan ò rán an.

Kò tẹ ìkẹta.

“Ìbéèrè kan ló kù, Màmá,” ni Tou Vang wí,
èéfín òtútù ń jáde lẹ́nu rẹ̀.
“Ṣé ọkọ̀ yìí ní àléébù kankan tí ẹ mọ̀?”
Ó di bírò mú, ó pẹ́.
Ó kọ ọ́ pé: Rárá.
Tou Vang ní ìjọba yóò yọ ọ́ nínú owó orí rẹ̀.
Ṣéènì fa Mẹ́sídíìsì gòkè, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gùn ún.
Ìbọ̀wọ́ ọkùnrin wà lọ́wọ́ òsì Solveig,
kò mọ ìgbà tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán,
bẹ́ẹ̀dì tuntun mẹ́rin wọ ilé orí òkè, tàwọn ti bọ́tìnnì wọn.
Ẹnì kan tí Solveig kò ní mọ̀ láéláé
na ìka, ó tẹ ọ̀kan.
Bẹ́ẹ̀dì kùn. Orí rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀,
ó rí omi.